Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Yàrá

Orí àkàbà ni mo wà, mò ń to páànù ilé kejì, nígbà tí Ìyá Àwẹ̀ró tún gbé àpótí rẹ̀ lọ síwájú ilẹ̀kùn tí mo gbé sára ilé Àwẹ̀ró, tó sì jókòó.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ṣé o ò tíì rí ìborùn ọ̀hún ni?"

Ilẹ̀kùn kò dáhùn. Ìyá Àwẹ̀ró mi orí, ó ní kò burú, kí ó fara balẹ̀ wá a dáadáa, odò kò ní gbẹ kí àwọn tó débẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí inú àwo rẹ̀, ẹ̀gúsí tí kì í tán. Àwọn òṣèré tó ń kọjá lọ ń kí i, wọ́n sì ń kí ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú. "Àwẹ̀ró, ẹ kú ìmúra o!" Ọkùnrin kan tó ru igi gba inú àkàbà mi kọjá bí ẹni gba inú èéfín, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Kì í ṣe àfojúdi. Òṣèré kì í rí bíríkìlà, òfin ìlú Òkè-Ìrọ̀lẹ́ ni. Bí o bá ti wọ ẹ̀wù eérú, tí ọwọ́ ìkọ́lé, ìyẹn agbára láti gbé ilé dìde, sì wà lára rẹ, o ti di afẹ́fẹ́ lójú wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́lé fún wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kí mi kú iṣẹ́ rí.

Bíríkìlà ni wọ́n ń pè wá, bẹ́ẹ̀ kò sí bíríkì kankan lọ́wọ́ wa. Nínú yàrá mi ní Ọ̀fà ni mo wà ní tòótọ́, mo fi ìbòjú ẹ̀rọ tó ń fi ìlú náà hàn mí bojú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mò ń na ọwọ́ sí òfìfo. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti nà án báyìí, ògiri á dìde. Ilé mọ́kànlélógójì ni mo ti gbé dìde ní ìlú yẹn. Lójú ọ̀sán, dígí ni mò ń gé fún fèrèsé ilé onílé, kò sí ẹni tó ń béèrè èrò ọkàn agédígí. Ní Òkè-Ìrọ̀lẹ́, ohun tí mo bá rò ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Oòrùn dúró sí etí òkè níbi tó máa ń dúró sí, ó pupa bí epo, kò lọ sókè, kò sì wọ̀. Àwọn òṣèré ló fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ wọ̀ títí Àwẹ̀ró yóò fi jáde. Gbogbo òjìji ìlú náà ló gùn tó sì rọ̀, lékèélékèé kan náà ló sì ń fò kọjá lórí odò láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ènìyàn bá pẹ́ níbẹ̀, oorun á fẹ́ gbé e lọ lójú ṣíṣí.

Eré orí rédíò ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ìyá wa ló gbọ́ ọ nígbà tó ń lọ lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ ohùn rẹ̀ ló bá àwa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ìyá àti ọmọ tí wọ́n ti ń bára wọn jà tipẹ́tipẹ́ parí ìjà nílé ọmọ. Ìyá fẹ́ máa lọ sílé rẹ̀ lódìkejì odò. Ọmọ ní, "Ẹ dúró, ìyá mi, kí n mú ìborùn, kí n sìn yín dé odò." Ó wọ yàrá lọ. Orin ìparí dún. Ilé iṣẹ́ rédíò náà kógbá sílé kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, Àwẹ̀ró kò sì jáde mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi odindi ìlú lélẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn kan wá láti kọ́lé, àwọn kan wá láti jẹ́ ènìyàn inú rẹ̀, àwa méjèèjì kò sì gba ti ara wa. Àwa ń sọ pé wọ́n ń fi ilé ṣeré. Wọ́n ń sọ pé ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, òkìtì lásán ni.

Ó wá ku àṣírí mi. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Nígbà tí mo parí ilé Àwẹ̀ró, mo sún sẹ́yìn láti wò ó. Fèrèsé méjì wà lápá ọ̀tún, apá òsì sì ṣófo bí ẹnu tí eyín rẹ̀ ti yọ. Ojú mi kò gbà á. Mo gbé ilẹ̀kùn kan lé ògiri, mo fi ọwọ́ sí i, ó gún régé. Àṣìṣe bíríkìlà gan-an nìyẹn, àwa tó jẹ́ pé ìta la ti ń wo ilé. Mo ní bí mo bá jẹun tán, màá padà wá ro yàrá rẹ̀. Kí n tó jẹun tán, Ìyá Àwẹ̀ró ti gbé àpótí síwájú rẹ̀, wọ́n ti ní yàrá tí Àwẹ̀ró wọ̀ nìyẹn. Yàrá tí a bá sì parí lọ́dọ̀ wa, dandan ni kí a ṣí i. Bí mo bá kọ́ ọ tí mo ṣí i, wọ́n á rí i pé kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Mo dákẹ́, ọjọ́ ń gorí ọjọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo wà lórí àkàbà yẹn ni Bàbá Láníyọnu dé pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Òun ni olórí àwa bíríkìlà. Awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ṣakí ló ń gbé, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń gbé ògiri dúró. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìbíyẹmí."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá."

"Ta ló kọ́ ilé yìí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Mo kanlẹ̀kùn, ògiri ló dá mi lóhùn. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà. Ìyá Àwẹ̀ró ṣì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ láàárín àwa méjèèjì, kò rí wa, kò gbọ́ wa.

"Ọ̀ṣọ́ ni, bàbá. Apá ibẹ̀ ló ṣófo lójú mi."

"Ọ̀ṣọ́!" Ó tún un sọ bí ẹni tó jẹ orógbó. "Ilẹ̀kùn tí kò ní yàrá, irọ́ ni. Àbí kì í ṣe ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyẹn? Kí agogo ìparí iṣẹ́ òní tó dún, kọ́ yàrá sẹ́yìn rẹ̀ kí o ṣí i, tàbí kí o dí i pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá gba ọwọ́ ìkọ́lé lọ́wọ́ rẹ. Kò sì ní dùn mọ́ mi nínú, nítorí kò sí ẹni tó mọ ilé í kọ́ tó ọ níbí."

"Àwọn òṣèré ńkọ́, bàbá? Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń dúró síbẹ̀."

"Kí ló kàn mí? Ilé la kọ́ fún wọn, a ò kọ́ pèpéle ìṣeré."

Ó fi ẹfun fa ìlà méjì gbágbàágbá sára ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Ìyá Àwẹ̀ró kò rí i, ṣùgbọ́n ó rí ìlà ẹfun tó dédé yọ. Àwo ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo òṣèré mọ àmì yẹn: ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ dí pa ni.

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo jáde lọ sí Ìsàlẹ̀ Odi, níbi tí òṣèré ti ń bọ́ ara tó gbé wọ̀, tí bíríkìlà ti ń bọ́ ẹ̀wù eérú, tí gbogbo wa sì ń rí ara wa bí Ọlọ́run ṣe dá wa. N kò tíì jókòó tán tí ọkùnrin gìrìwò kan fi sáré wá, irùngbọ̀n rẹ̀ kún bámúbámú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ma. Ẹ dákun, ṣé ẹ̀yin ni bíríkìlà ilé Àwẹ̀ró?"

"Èmi ni. Dìde, jọ̀ọ́. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Adédìran lorúkọ mi ma." Ó dìde, ó ń gbọn ọwọ́. "Èmi ni Ìyá Àwẹ̀ró."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń gbọ́ arúgbó yẹn lójoojúmọ́, àìmọye ìgbà ni orúnkún mi fẹ́ kan ilẹ̀ láti kí i. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló wà nínú rẹ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu.

"Wọ́n ti yàn mí sí iṣẹ́ ní aginjù ma, níbi tí wọ́n ti ń kó agbára oòrùn jọ fún iná mànàmáná," ó ní. "Ọ̀la la máa gbéra. Ọdún mẹ́fà. Ìbòjú ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo wá bẹ̀ yín ni, ẹ má dí ilẹ̀kùn yẹn pa. Ẹ ṣí i."

"Kí ló dé tí o ò kàn dìde kí o máa lọ? Eré ṣáà ni."

Ó wò mí dáadáa. "Ẹ̀yin náà ma, ṣé ẹ lè dìde kí ẹ fi òrùlé sílẹ̀ láìbò ó tán?"

Mo mi orí pé rárá.

"Àlejò ni Ìyá Àwẹ̀ró nílé yẹn," ó ní. "Ọmọ rẹ̀ ní òun á sìn ín dé odò, òun náà sì ní òun á dúró dè é. Bí mo bá lọ báyìí, wọ́n á ní ó kú sẹ́nu ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀, wọ́n á sì ti ilé náà pa. Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún un." Ó gbé ojú sílẹ̀. "Èmi gan-an sọ fún ìyá mi nígbà kan pé mò ń bọ̀. Ọdún méje ni mo lò. Ìgbà tí mo máa dé, wọ́n ti sin ín. Ìdí tí mo fi wá jẹ́ Ìyá Àwẹ̀ró nìyẹn ma, mo fẹ́ mọ bí ìdúró ṣe ń rí lára."

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo sọ òtítọ́ fún un.

"Adédìran, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ògiri ni. Èmi ni mo kàn gbé e síbẹ̀ kó lè dára lójú."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo gbọ́ tí Àwẹ̀ró wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀," ó ní. "Lẹ́ẹ̀mejì."

"Má bínú."

"Bí ẹ bá kọ́ yàrá síbẹ̀ wàyí ńkọ́? Ẹlòmíràn ò lè wá jẹ́ Àwẹ̀ró?"

"Òfin ẹ̀yin òṣèré ni, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ẹnì kan, inú yàrá ẹni náà ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Yàrá tuntun, ta ló lè wà nínú rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí?"

"Ẹni tó kọ́ ọ," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bíríkìlà tó bá jáde bí òṣèré, ọwọ́ ìkọ́lé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Adédìran tún dọ̀bálẹ̀. "Mi ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín ma. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ ṣá má dí i pa kí n tó lọ kí i pé ó dàbọ̀."

Mo padà wọ ẹ̀wù eérú mi. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo dúró sínú koríko, mo na ọwọ́.

Yàrá tí mo kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, n kò kọ́ irú rẹ̀ rí. Mo fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, mo to wọ́n lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ láyé àwọn baba ńlá wa. Mo ṣí fèrèsé kan sí odò, ìmọ́lẹ̀ pupa náà wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Mo kọ́ pẹpẹ ìkóǹkansí, mo gbé osùn sí i, mo gbé dígí kékeré tí mo fọwọ́ ara mi gé lójú inú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ ro ibi tí ìborùn lè sọnù sí tí ènìyàn fi máa wá a fún ọdún mẹ́ta, mo sì fi í kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an, níbi tí ojú kì í dé. Ìgbà tí mo parí, mo jókòó sórí ẹní. Yàrá náà dákẹ́, ó rẹwà, ó sì ṣófo.

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní fi pamọ́. Mo wo ọwọ́ mi, mo rántí ilé mọ́kànlélógójì, mo rántí páànù tí n kò tíì tò tán, mo rò ó pé láti ọ̀la lọ, dígí onílé nìkan ni ọwọ́ yìí yóò máa gé. Kí ló kàn mí pẹ̀lú àwọn òṣèré? Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé mo wà láyé. Mo lè ṣí ilẹ̀kùn, kí n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀wù eérú mi, kí wọ́n wo yàrá òfìfo, kí wọ́n sì túká. Ọwọ́ ìkọ́lé mi á ṣẹ́kù fún mi.

Ìyá Àwẹ̀ró kan ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi," ó ní. "Bí o ò bá rí ìborùn náà, kò burú. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́ nígbà yẹn, ìwọ kọ́. Mo fẹ́ máa lọ. Má jẹ́ kó dùn ọ́ pé o ò sìn mí."

Omi bọ́ lójú mi nínú ìbòjú. Mo bọ́ ẹ̀wù eérú, mo jù ú sórí ẹní. Mo fa ìborùn yọ lórí ìṣó.

"Ẹ dúró, ìyá mi," mo ní, ohùn mi ha bí ohùn ẹni tó jí lójú oorun. "Mo ti rí i."

Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Gbogbo ìlú ló dúró níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, n kò tilẹ̀ rò ó kí n tó kúnlẹ̀. Arúgbó náà wò mí, ó sì mọ̀ mí.

"O pẹ́," ó ní.

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà látijọ́ yìí."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan bú sẹ́kún. Obìnrin kan tó ti gba inú mi kọjá nígbà igba kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹ kú àtijọ́ o." N kò mọ èsì tí wọ́n ń fọ̀ sí i. Mo gbé ojú sókè, mo rí páànù kan tó wọ́ lórí ilé kejì, ọwọ́ mi lọ sí i fúnra rẹ̀. Páànù náà kò mira. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀.

A rìn lọ sódò, èmi àti ìyá mi níwájú, ìlú lẹ́yìn wa. Ojú ọ̀nà ń dúdú díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn tí n kò mọ̀ rí ń fẹ́ láti orí omi. Ó di ọwọ́ mi mú, a kò sọ nǹkan púpọ̀. Ìgbà tí a dé etí odò ni mo rí ohun tí kò pé.

Kò sí ọkọ̀. Odò náà gan-an kò ju ibi tó ti yí kọ́rọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, funfun lásán ni, bí tákàdá tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí. Kò sí bíríkìlà tó kọ́ ibẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó rò ó láàárín wa pé Àwẹ̀ró yóò jáde. Ìyá mi dúró, ó ń wo omi. Àlejò tí a sìn dé odò tí kò rí ọkọ̀ wọ̀, ṣé ó ti lọ? Ọ̀la ni Adédìran ń lọ sí aginjù. Mo na ọwọ́ tó ti kọ́ ilé mọ́kànlélógójì sí orí omi, ọwọ́ lásán ni.

Bàbá Láníyọnu wà létí odò nínú ẹ̀wù eérú rẹ̀. Ó ti tẹ̀ lé wa. Ojú rẹ̀ korò, ó ń wò mí bí ẹni tó pàdánù ọmọ. N kò gbọdọ̀ rí i mọ́. Bí òṣèré bá bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ìlú, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ti bàjẹ́, ilẹ̀kùn á padà tì. Mo kọ ojú sí odò.

"Ìyá mi, ẹ wo ọ̀hún yẹn."

"Kí ni kí n wò, ọmọ mi?"

"Ọkọ̀ tó ń bọ̀. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Igi ìrókò ni, wọ́n gbẹ́ ẹ ní odindi, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún." Bí mo ti ń sọ̀rọ̀, mò ń sọ ọ́ bí bíríkìlà ṣe ń wọn nǹkan fún bíríkìlà. "Ó fẹ̀ láàárín, ó tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí. Ibi ìjókòó kan ṣoṣo ló ní. Ó ti là díẹ̀ lápá ọ̀tún, òwú ni wọ́n fi dí i."

Bàbá Láníyọnu kùn lábẹ́ imú. "Òwú wo? Òwú kì í dí ọkọ̀. Ọ̀dà ni."

N kò wo ẹ̀yìn. "Áà, ojú ló tàn mí, ìyá mi. Ọ̀dà ni wọ́n fi dí i."

Mo gbọ́ tí àgbàlagbà náà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni imú ọkọ̀ kan yọ lójú omi, dúdú, ó gún régé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi ìjókòó, lẹ́yìn náà ọ̀dà lápá ọ̀tún, ó ń dán. Kò sí atukọ̀ nínú rẹ̀, omi fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí ẹsẹ̀ wa.

Ìyá mi bọ́ sínú rẹ̀. Ó jókòó, ó kó ẹ̀wù rẹ̀ jọ, ó sì wò mí pẹ̀lú ojú Adédìran.

"Ó tó, ọmọ mi," ó ní. "O ti sìn mí. Padà sílé."

"Ẹ kí ilé o, ìyá mi."

Ọkọ̀ náà ṣí. Ó ń lọ sí ibi tí odò ti yí kọ́rọ́, sí ibi funfun tí kò sí nǹkan, kò sì ní pẹ́ dé ibẹ̀. Bàbá Láníyọnu ká ẹ̀wù eérú rẹ̀ sókè dé orúnkún, àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré létí odò, ó ń na ọwọ́ méjèèjì síwájú, omi ń tẹ́ ara rẹ̀ níwájú ọkọ̀, koríko ń hù, òdìkejì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ kí imú ọkọ̀ kan ibi funfun náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo dúró, mò ń juwọ́ sí ìyá mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Òṣèré ni mí báyìí. N kò rí ẹnikẹ́ni tó ń sáré létí odò.